Káàdì Ẹ̀bùn àti Owó Tí A Ń San Lé E Lórí: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Bẹ́ẹ̀?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá wa, tí Ó sì fi arísìkí sí ọwọ́ wa láti fi dán wa wò. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Ìsìláàmù, a ń rán ara wa àti ẹ̀yin náà létí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò mọ sí orí ìrun àti ààwẹ̀ nìkan. Ó dé inú àpò wa pẹ̀lú.

Ní oṣù Rọmọdán tí ó kọjá, ẹ fi sàárà yín lé wa lọ́wọ́ kí a lè pín in fún àwọn aláìní. A yan ogún ilé, a sì pinnu pé kí ilé kọ̀ọ̀kan gba dọ́là 50. Lójú wa, káàdì ẹ̀bùn gbayì ju owó inú àpòòwé lọ, nítorí náà a lọ ra káàdì 20. Iye tí ó yẹ kí a san ni dọ́là 1,000. Iye tí a san ni dọ́là 1,099, nítorí pé dọ́là 4 àti sẹ́ǹtì 95 ni wọ́n gbà lé káàdì kọ̀ọ̀kan lórí. A kò bi ara wa léèrè ohunkóhun. A gba rìsíìtì, a sì padà sí mọ́sálásí.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú wá bá wa pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wa, àpótí sàárà sì ti ṣófo. A dá owó fún un láti inú àpò ara wa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò pé dọ́là 99 tí a fi ra ike káàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìpín ilé méjì. Ohun tí ó sì dùn wá jù ni pé gbogbo àwọn ogún ilé náà ni ó wá gba káàdì wọn ní ọwọ́ wa, nínú mọ́sálásí yìí. Kí ni káàdì náà ṣe fún wọn tí owó gidi kò lè ṣe? Ìbéèrè yìí ni ó bí ìwàásù òní.

Ohun tí káàdì yìí jẹ́

Oríṣi méjì ni káàdì ẹ̀bùn tí a ń tà ní Amẹ́ríkà níbí. Èkíní ni ti ilé ìtajà kan ṣoṣo. Ibẹ̀ nìkan ni ó ti wúlò, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó rà á kì í san ju iye tí ó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni èyí tí ó ní àmì Visa tàbí Mastercard, tí ó wúlò ní ibi púpọ̀. Orí èyí ni wọ́n ti ń gba owó iṣẹ́ ní ọjọ́ tí a bá rà á.

Ní ibi tí a ti rà á, dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 95 ni owó iṣẹ́ káàdì dọ́là 25. Ti dọ́là 500 jẹ́ dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 95. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ra ti dọ́là 25 san sẹ́ǹtì 16, díẹ̀ ni ó dín, lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ra ti dọ́là 500 kò san tó sẹ́ǹtì 2. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ kéré ni ẹrù rẹ̀ wúwo jù.

Òfin kan wà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2009, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí káàdì ẹ̀bùn ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 2010. Òfin náà sọ pé owó inú káàdì kò gbọdọ̀ kú kí ọdún márùn-ún tó pé. Ó sọ pẹ̀lú pé wọn kò gbọdọ̀ yọ owó nínú káàdì nítorí pé a kò lò ó, àfi bí oṣù 12 bá kọjá láìlò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè yọ ọ́ ní oṣù kan, wọ́n sì gbọdọ̀ kọ ọ́ síta kí oníbàárà rí i. Ṣùgbọ́n òfin náà kò fi ààlà sí owó tí a ń san ní ọjọ́ tí a ra káàdì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: káàdì tí a gbàgbé sínú àpótí lè di ike lásán.

Ṣé èlé ni owó yìí?

Àwọn kan nínú jámáà ti bi wá léèrè bóyá rírà tí a ra dọ́là 50 ní dọ́là 54 àti sẹ́ǹtì 95 kì í ṣe èlé tí Ọlọ́hun ṣe ní èèwọ̀. Lójú tiwa, kì í ṣe èlé bí ó bá jẹ́ owó iṣẹ́ tí a mọ iye rẹ̀ ṣáájú, tí kì í ṣe orí gbèsè ni ó ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ṣe káàdì, tí ó sì ń bá wa gbé owó dé ibi tí a fẹ́, ṣiṣẹ́, alágbàṣe sì ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ hàláàlì lè di ìnàkúnàá bí a kò bá nílò rẹ̀. Nínú áyà kẹrìndínlọ́gbọ̀n Sūratul-Isrā'i, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a fún ìbátan, aláìní àti onírìn-àjò ní ẹ̀tọ́ wọn. Nínú áyà kan náà ni Ó ti kọ ìnàkúnàá fún wa. Ẹ ronú sí i: kì í ṣe ibi àríyá ni a ti mú ọ̀rọ̀ ìnàkúnàá wá, ibi ìfúnni ni. Ó hàn sí wa láti inú èyí pé ìnàkúnàá lè sá pamọ́ sínú ẹ̀bùn fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí ó tọ́ àti ìgbà tí kò tọ́

Ó tọ́ kí a san owó náà bí káàdì bá ṣe ohun tí owó gidi kò lè ṣe. Ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tí kò ní àkáùǹtì báǹkì, tí ó sì fẹ́ ra ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì yóò wúlò fún un. Bákan náà ni ẹni tí a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí pé owó gidi tí ó bá sọnù ti lọ nìyẹn. Ẹni tí ó bá san owó iṣẹ́ nítorí irú èyí kò ṣe àṣìṣe.

Kò tọ́ bí ẹni tí a fẹ́ fún bá jókòó níwájú wa, tàbí bí a bá lè fi owó ránṣẹ́ sí àkáùǹtì rẹ̀ láìsan nǹkan kan. Kò tọ́ pẹ̀lú kí a rà á fún àwọn òbí wa ní Nàìjíríà; ọ̀pọ̀ nínú àwọn káàdì wọ̀nyí ni a kọ sí lára pé Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ti wúlò.

Bí ẹnì kan bá sì fún yín ní káàdì, ẹ má fi pamọ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Bí ó bá ku dọ́là 3 nínú rẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tí ó ń gba owó pé kí ó kọ́kọ́ yọ dọ́là 3 náà, kí ẹ sì fi owó mìíràn san ìyókù. Ní ilé epo, ẹ wọlé lọ san owó, nítorí pé ẹ̀rọ ìta lè di owó tí ó ju iye epo lọ mú fún ọjọ́ mélòó kan.

Ní tiwa, a ti pinnu pé sàárà yín yóò máa dé ọwọ́ aláìní ní owó gidi nínú àpòòwé, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ẹni tí ó gbà á. Ẹni tí ó bá jìnnà nìkan ni a ó ra káàdì fún. Amāna ni owó yín ní ọwọ́ wa, sẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ni a ó sì bi wá léèrè ní Ọjọ́ Ìdájọ́.

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe wa jì wá, kí Ó gba sàárà wa, kí Ó sì fi ìbùkún sí ohun tí a ń ná àti ohun tí a ń fúnni. Āmīn.