Ọlọ́lá àti Oníṣẹ́ Ọwọ́ ní Jamestown

Bóyá ẹ ti rí sinimá tí òkú ń jí rìn nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pa alààyè jẹ. Ọjà tú, ìjọba tú, owó di bébà lásán. Àròsọ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀: níbi tí kò sí ọjà, tí kò sí ìránṣẹ́, kí ni ọlọ́lá yóò fi ọlá rẹ̀ ṣe? Ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan rí, kì í sì í ṣe nínú sinimá.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1607, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gbé ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 104 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Virginia ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ Jamestown dó. Bí ìdajì wọn jẹ́ ọmọ ọlọ́lá. Nílé, àwọn wọ̀nyí kì í fọwọ́ kan ọkọ́. Ẹlòmíràn ní ń ro oko fún wọn. Káfíńtà mẹ́rin péré ló bá wọn wá, àti alágbẹ̀dẹ kan ṣoṣo. Wúrà ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá. Omi odò ní iyọ̀, àìsàn dé, oúnjẹ ń tán. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, nǹkan bí ìdajì wọn ti kú.

Ní ọdún 1608, John Smith di olórí wọn. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó ní ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní jẹun, àfi aláìsàn. Ni ọmọ ọlọ́lá bá gbé àáké! Igi gígé bó wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń búra burúkú. Smith ní kí wọ́n máa ka ìbúra náà. Bó bá di alẹ́, wọn a da omi tútù sí ẹni náà lápá aṣọ, agolo kan fún ìbúra kan. (Ìwé tirẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ ara rẹ̀ yìn.) Ó kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé káfíńtà, àgbẹ̀, apẹja àti alágbẹ̀dẹ 30 sàn fún òun ju 1,000 irú àwọn tó wà lọ́dọ̀ òun lọ.

Ní ọdún 1609, ẹ̀tù jó Smith, ó padà sílé. Ìgbà òtútù dé. Wọ́n jẹ ẹṣin, ajá, eku, àní bàtà aláwọ. Àwọn kan jẹ òkú ènìyàn. Ní ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ fi egungun ọmọbìnrin kan hàn, tí ojú ọ̀bẹ wà lára rẹ̀. Nínú àwọn tó lé ní 200, bí 60 ló kù.

Ṣé ọ̀lẹ nìkan ló pa wọ́n? Rárá o. Ọ̀dá ńlá mú ní ọdún wọnnì. Káfíńtà kò lè rọ òjò. Àwọn Powhatan tó ni ilẹ̀ sì ká wọn mọ́ inú odi. Àwọn obìnrin Powhatan ló mọ àgbàdo gbìn níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń jẹ nínú rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ipá.

Ọkọ̀ mìíràn, Sea Venture, ń gbé bí 150 ènìyàn bọ̀ ní Jamestown. Ìjì gbá a lu àpáta ní erékùṣù Bermuda ní oṣù Keje ọdún 1609. Ẹja, ẹyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó pọ̀ níbẹ̀, ebi kò pa wọ́n. Wọ́n gé igi kédárì, wọ́n tú pákó àti irin ọkọ̀ tó fọ́, wọ́n sì kan ọkọ̀ tuntun méjì. Thomas Gates, tí í ṣe gómìnà, ń gé igi, ó ń rù ú, ó ń fi ayùn là á fún àwọn káfíńtà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1610, ọkọ̀ méjèèjì gúnlẹ̀ sí Jamestown. Àwọn tí ọkọ̀ wọn fọ́ ló wá fún àwọn tó wà nílé lóúnjẹ.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni Smith béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù?
2. Kí ni ọgbọ́n ọwọ́ kò lè ṣe fún àwọn ará Jamestown?
3. Nínú agbo ilé yín, ta ló mọ ilé kọ́, ta ló mọ ẹja pa, ta ló mọ irúgbìn tọ́jú?