Bébà Tí A Ti Kà Tán Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀wé nínú ilé kó ka ẹ̀kọ́ yìí sétí ìyá tí kò mọ̀wé.

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ìwé ìròyìn àti magasíìnì tí a ti kà tán. Ó ti pẹ́ tí bébà ìròyìn ti wà nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1859 ni Àlùfáà Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta. Àmọ́ bí a bá kà á tán lóde òní, ohun mẹ́ta la sábà ń fi ṣe ní etí omi wa: a fi dáná, a fi di oúnjẹ, tàbí kí a sọ ọ́ sómi. Owó wà nínú ohun tí à ń jù nù yìí. Ewu sì wà nínú bí a ṣe ń fi í di oúnjẹ.

1. Ẹ jẹ́ ká yé fi di oúnjẹ

Ẹ fi ọwọ́ pa ìwé ìròyìn, ẹ wo àtàǹpàkò yín. Ẹ ó rí dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ìǹkì ni. Òróró wà nínú ìǹkì ìwé ìròyìn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ tán. Nígbà tí àkàrà gbígbóná tàbí ẹja díńdín tó ń ro òróró bá kàn án, òróró yóò fa ìǹkì yẹn jáde, ó di inú ọmọ tó jẹ ẹ́. Ní December 2016, àjọ ìjọba Íńdíà tó ń bójú tó oúnjẹ kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́jà wọn pé kí wọ́n má fi ìwé ìròyìn di oúnjẹ mọ́. Ní 2023 wọ́n tún un kìlọ̀. Àwa náà ní ewé eéran àti ewé ẹ̀kọ tí àwọn ìyá wa lò kí bébà tó dé. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ bébà la fẹ́ lò, kó jẹ́ èyí tí wọn ò tẹ nǹkan kan sí.

2. Àwọn obìnrin kan ti ṣe é rí

Ogun tó jà ní àríwá Ùgáńdà lé ọ̀pọ̀ ará Acholi kúrò nílé wọn. Púpọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí àdúgbò Kireka nítòsí ìlú Kampala. Iṣẹ́ tí àwọn obìnrin rí ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n máa fọ́ òkúta. Àwọn kan nínú wọn ń gé bébà magasíìnì, wọ́n ń ká a, wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ní 2004 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní BeadforLife sílẹ̀ láti bá irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ta ìlẹ̀kẹ̀ wọn ní Amẹ́ríkà. Ogun ló lé tiwọn, omi ló ń lé tiwa. Ẹni tí ààrò ẹja rẹ̀ ti bómi lọ ní ọwọ́ síbẹ̀. Bébà kò nílò ilẹ̀, kò nílò ọkọ̀, kò nílò epo bẹntiróò.

3. Gọ́ọ̀mù tí a ó lò

Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tiwa náà tó. Ẹ wọn agolo mílíìkì kan, ẹ fi omi tútù pò ó kó má ní kókó. Ẹ gbé omi agolo márùn-ún kaná. Bó bá hó, ẹ da sítáàṣì sí i, ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ wá fi àbọ̀ ṣíbí kékeré alọ́ọ̀mù lílọ̀ sí i, èyí tí à ń yí sínú omi kó lè tòrò. Alọ́ọ̀mù ni kò ní jẹ́ kí gọ́ọ̀mù tètè bu. Ẹ má lo omi òkun o. Iyọ̀ a máa fa ọ̀rinrin, iṣẹ́ yín kò ní gbẹ láéláé. Omi òjò ló dára jù.

4. Ìlẹ̀kẹ̀ àti kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà

Bébà magasíìnì tó ń dán ló dára fún èyí, torí àwọ̀ ara rẹ̀.

(a) Ẹ gé e gbọọrọ bí ojú ìwé bá ṣe gùn tó. Kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ìka kan, kí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó.

(b) Ẹ fi ìdí fífẹ̀ sára ọ̀já ìgbálẹ̀, ẹ ká a lẹ́ẹ̀kan láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ìyókù, kí ẹ ká a dé ṣóńṣó. Bí ẹ bá kánjú fi gọ́ọ̀mù síbẹ̀rẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ìgbálẹ̀.

(d) Ẹ fà á yọ, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ kùn ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì.

(e) Okùn tí a fi ń tún àwọ̀n ṣe ni kí ẹ fi sín in.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá gùn tó sẹ̀ntímítà 2, okùn tó gùn tó mítà 2 yóò gba 100. Okùn 30 fún ẹnu ọ̀nà kan, ó di 3,000. Ó pọ̀! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi ègé ọparun tó gùn bákan náà sáàárín wọn, 1,500 péré ni. Ìyá kan kò lè dá a ṣe kíá, àmọ́ ìyá mẹ́wàá tó ń tàkúrọ̀sọ nírọ̀lẹ́ lè ṣe é.

5. Apẹ̀rẹ̀ híhun

Ẹni tó mọ ẹní hun ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ẹ gé ojú ìwé ìròyìn sí mẹ́rin ní gígùn. Ẹ mú sípóòkù kẹ̀kẹ́, ẹ ká bébà mọ́ ọn ní ìdàgìrì láti igun kan, ẹ lẹ igun ìkẹyìn, ẹ fa sípóòkù yọ. Yóò di ọ̀pá tín-ínrín. Ẹnu kan yóò fẹ̀ ju ìkejì lọ, ibẹ̀ la ti ń ki òmíràn bọ̀ ọ́ kó lè gùn. Ẹ fi páálí méjì ṣe ìdí apẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọ̀pá tó dúró wà láàárín wọn. Bó bá jẹ́ ọ̀pá kan lẹ fi ń hun yíká, kí iye àwọn tó dúró má ṣe pín sí méjì dọ́gba: 15, 17 tàbí 19. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, híhun kò ní máa pààrọ̀ ara wọn. Apẹ̀rẹ̀ yìí dára fún òwú, sáńpù irun, aṣọ ọmọ. Kò dára fún ẹja tútù.

6. Ìkìlọ̀ mẹ́rin

Èkíní: ẹ wo ojú ìwé dáadáa kí ẹ tó gé e. Ìkéde ìyípadà orúkọ ọmọ yín lè wà níbẹ̀, ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì sì lè bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Àwòrán òkú àgbà ẹnìkan lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò yẹ ká fi bàbá onílé ṣe ìdí apẹ̀rẹ̀.

Èkejì: ẹ má gbé e sórí ààrò ẹja kó lè gbẹ. Yóò máa rùn, iná sì lè ràn. Igi ni ilé wa, epo ọkọ̀ sì wà nítòsí.

Ẹ̀kẹta: ẹ jẹ́ kó gbẹ tán kí ẹ tó kùn ún ní fáníìṣì. Bí ọ̀rinrin bá há sínú, yóò bu.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má fi owó ẹja ra ọjà iṣẹ́ yìí. Ẹ fi owó díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iye gọ́ọ̀mù, fáníìṣì àti okùn sílẹ̀, kí ẹ fi owó ọwọ́ yín kún un kí ẹ tó dá iye lé e. Ẹni tí kò ka ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ owó, ọ̀fẹ́ ló ń ta.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nípàdé

1. Kí ló dé tí òróró gbígbóná fi léwu lórí ìwé ìròyìn?
2. Kí ni alọ́ọ̀mù ń ṣe nínú gọ́ọ̀mù?
3. Ìlẹ̀kẹ̀ mélòó ni okùn 20 yóò gbà bí okùn kọ̀ọ̀kan bá gùn tó mítà 2, tí a kò sì fi ọparun sí i?
4. Ta ló mọ ẹní hun láàárín wa tó lè kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa?

Kí oníkálukú mú ìwé ìròyìn mẹ́wàá àti ọ̀já ìgbálẹ̀ kan wá sípàdé tó ń bọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọjà yóò tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Zion Pepe