Ekòló Onípẹ́ Ìsàlẹ̀ Òkun: Orúkọ àti Ìrísí Rẹ̀

Bí olùkọ́ bá fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀dá tí àwọn baba ńlá Yorùbá kò rí rí, ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ mú ni yóò pinnu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni Peinaleopolynoe orphanae, tí Avery Hatch, Greg Rouse àti àwọn onímọ̀ méjì mìíràn ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 2020. Orúkọ Victoria Orphan, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ibi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀ òkun lẹ́bàá Mẹ́síkò ni ó ń gbé, ní nǹkan bí 3,700 mítà sísàlẹ̀. Ìtànṣán oòrùn kò dé ibẹ̀.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún aràn àti ekòló, ó rọrùn kí ènìyàn pè é ní aràn. Ìyẹn kò tọ̀nà. Aràn gbọọrọ tí ń gbé inú ọmọdé ń dán, kò ní òrùka lára. Ekòló ni ìbátan ẹ̀dá yìí. Ọmọ Àgbàdo tí ó ti wú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò mọ̀ pé ara ekòló jẹ́ òrùka-òrùka. Bí ó bá fi ìka ra á, yóò mọ irun líle tíntìntín lára rẹ̀. Ti inú òkun ní òrùka mọ́kànlélógún, irun tirẹ̀ sì yọ síta gbangba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ìpẹ́ méjìdínlógún ni ó bo ẹ̀yìn rẹ̀, mẹ́sàn-án lọ́tùn-ún, mẹ́sàn-án lósì. Wọn kò rí bí ìpẹ́ ẹja tí ó fìdí múlẹ̀ nínú awọ. Ojú kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ ara, bí ewé òṣíbàtà ṣe dúró lórí ọ̀pá rẹ̀. Àwọ̀ wọn ń yí padà bí epo òyìnbó tí ó dà sórí omi òjò. Ti kékeré a máa dán bíi búlúù. Bí ìpẹ́ bá ti ń nípọn sí i, àwọ̀ náà ń di pupa rẹ́súrẹ́sú. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀dá náà kò lójú! Ta ni ó wá ń wo ẹwà yìí?

Ọ̀fun rẹ̀ ṣeé tì síta, eyín líle sì wà lẹ́nu rẹ̀. Nínú fídíò tí wọ́n yà nísàlẹ̀ òkun, méjì kojú ara wọn, wọ́n ń fò sókè sódò, wọ́n sì ń bu ìpẹ́ ara wọn jẹ. Ibẹ̀ ni ó ti hàn pé ojú ìjà ni etí ìpẹ́ wọn ti ń já.