Ẹ̀yìn Ìyá Ni Tàbí Kẹ̀kẹ́? Ìmọ̀ràn fún Àwọn Òbí ní Kàbbà àti Ilẹ̀ Okun

Bí ọmọ bá dé sí ilé kan ní Kàbbà lóde òní, kì í pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n kan ní London tàbí àǹtí kan ní Àbújá yóò fi kẹ̀kẹ́ ọmọ ránṣẹ́. Ó ń dán, àwọn aládùúgbò á wá wò ó. Tó bá tó oṣù díẹ̀, ẹ ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n ti sá aṣọ lé e lórí, adìyẹ sì ti ń yé sínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá ọmọ kò moore. Kẹ̀kẹ́ náà ni kò bá ọ̀nà ilé wọn mu.

Ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, fún ẹni tí wọ́n ti fi ta lọ́rẹ, àti fún ẹni tí kò ní kankan tó ń rò pé ọmọ òun ń pàdánù. Ọjọ́ orí ọmọ, ọ̀nà tí ẹ ń rìn lójoojúmọ́ àti ìlera ìyá ló yẹ kó pinnu ohun tí ẹ ó fi máa gbé ọmọ. Ohun tí aládùúgbò ń tì kọjá lójú títì kò sí lára rẹ̀.

Ọmọ pípọ̀n kò tíì di ti àtijọ́

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì nílé wa. Ìyá ọkọ rí aya ọmọ rẹ̀ tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?" Ìyàwó dáhùn pé, "Rárá o, Màmá, ayé ti lajú ni." Ìyá kò jẹ̀bi, ìyàwó náà kò jẹ̀bi, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìlajú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, wá ṣiṣẹ́ ní Tógò pẹ̀lú Peace Corps. Ó rí bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń pọnmọ káàkiri, tí ara ọmọ sì ń balẹ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tó padà sílé tó bí ọmọ tirẹ̀, ó gbìyànjú láti pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ ń yọ̀ bọ́. Ìyá rẹ̀, Lucy Aukerman, bá a rán àpò kan tó ní okùn. Lọ́dún 1969 wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọpọlọ wọn, wọ́n pè é ní Snugli, ó sì tà káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àpò ìgbọ́mọ olówó gọbọi ilé ìtajà Àbújá fọ́nnu sí yín: ọ̀já ni bàbá rẹ̀.

Ọmọ tí a bá pọ̀n dáadáa, itan rẹ̀ á ya, orúnkún rẹ̀ á ga ju ìdí rẹ̀ lọ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ bí ti ọ̀pọ̀lọ́ tó lúgọ. Ìjókòó bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí orí egungun itan wọ inú ihò rẹ̀ ní ìbàdí dáadáa. Níbi tí wọ́n bá ti ń na ẹsẹ̀ ọmọ gbọọrọ, tí wọ́n ń fi aṣọ wé e pa pọ̀, egungun itan tó ń yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ máa ń wọ́pọ̀. Ní Màláwì, tí wọ́n ti ń pọnmọ bíi tiwa, àwọn dókítà yẹ àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá wò ní ilé ìwòsàn Beit CURE nílùú Blantyre. Àwọn ọmọ tó ju 40,000 lọ ló gba ibẹ̀ kọjá, wọn kò sì rí ẹyọ kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí àìsàn yìí. Lọ́dún 2015 tí wọ́n tẹ àbájáde náà jáde, wọ́n béèrè bóyá kò yẹ kí ìjọba níbòmíràn máa kọ́ àwọn ìyá láti pọnmọ.

Síbẹ̀, bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìlédìí tí ẹ rí i pé itan kan kò ya tó èkejì, tàbí pé ẹsẹ̀ kan kúrú ju ìkejì lọ, tàbí tí ọmọ tó ti ń rìn bá ń tiro, ẹ má fi òróró wọ́ ọ nílé. Ẹ gbé e lọ sí General Hospital kí dókítà yẹ ìbàdí rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tètè rí i, ìtọ́jú rẹ̀ kì í le.

Ní ti bí a ṣe ń pọnmọ, ọ̀nà àwọn àgbà ló ṣì dára jù. Ìyá á bẹ̀rẹ̀, ọmọ á sùn lé e lẹ́yìn, á ju aṣọ bò ó, á so ó lókè ọmú. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọ̀já gbé ìdí ọmọ, tí yóò gbọn ọmọ sókè lẹ́ẹ̀kan kó tó fà á le. Aṣọ òwú ni kó jẹ́. Ilẹ̀ tí àwọn obìnrin Bùnú ti ń hun aṣọ òwú láti ayébáyé kò yẹ kó máa fi aṣọ tó ń yọ̀ pọnmọ. Kí ọrùn ọmọ tó gbó, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, aṣọ gbọ́dọ̀ gbé ọrùn rẹ̀ ró, ṣùgbọ́n ojú àti imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níta. Ẹ má fi aṣọ bo orí rẹ̀ nítorí oòrùn. Agboòrùn ni kí ẹ lò. Àgbọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀, torí ọ̀nà èémí ọmọ ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè dí láìsí ariwo kankan. Ìyá kò lójú lẹ́yìn. Ẹ sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo imú ọmọ mi."

Ọmọ tí kò pé oṣù, tàbí tó kéré gan-an nígbà tí wọ́n bí i, kò tíì kan ẹ̀yìn, kò sì tíì kan kẹ̀kẹ́. Àyà ìyá rẹ̀ ni àyè rẹ̀, ara kan ara, kí aṣọ dì í yí ká. Bogotá ní Kòlóńbíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí lọ́dún 1978, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fọwọ́ sí i.

Ibi tí ẹ̀yìn kò ti yẹ

Ẹ wo ìyá tó ń yan gàrì. Ó tẹ̀ síwájú sórí agbada, èéfín igi ń rú bò ó, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wúkọ́, ọwọ́ kékeré kan sì ń nà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá sí ọ̀nà iná. Gbogbo èéfín tí ìyá ń fà símú ni ọmọ náà ń fà, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì tó ti àgbà. Èyí tó ń din àkàrà tún léwu jù, nítorí òróró tó ń ta. Lójú tiwa, ìdí iná yìí ni kẹ̀kẹ́ ti wúlò jù nílẹ̀ wa, ju ojú títì lọ. Ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ èéfín lọ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, ẹ tẹ búrèkì rẹ̀, ẹ so bẹ́líìtì, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti gbọ́n díẹ̀ jókòó tì í, kí ẹ̀yin náà sì máa rí i.

Inú ọkọ̀ ni ibi kejì. Ẹ má ṣe jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ búrèkì lójijì lọ́nà Lọ́kọ́ja, ara ìyá lè fún ọmọ mọ́ àga. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ tí owó rẹ̀ kò ká ohun méjì, àga ọmọ inú ọkọ̀ ni kó kọ́kọ́ rà, kó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Kí ọmọ ọwọ́ kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú àga náà, kí àga náà sì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Nínú ìjàǹbá ọkọ̀, àga yìí lè dín ikú ọmọ ọwọ́ kù ju ìdajì lọ. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti ọ̀kadà, ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ tí ẹ ká sí àárín yín àti ọlọ́kadà nígbà tí ọmọ wà lẹ́yìn yín.

Ìyá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ, kó má pọnmọ títí dókítà yóò fi ní ojú abẹ ti jinná. Kẹ̀kẹ́ lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé kẹ̀kẹ́ kọjá gọ́tà.

Kẹ̀kẹ́ tó bá ọ̀nà wa mu

Owen Maclaren, ẹnjiníà ará Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfurufú Spitfire, ló ṣe kẹ̀kẹ́ tó ń ká bí agboòrùn lọ́dún 1965. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń rin ìrìn àjò nínú ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, kẹ̀kẹ́ ńlá sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Irú kẹ̀kẹ́ yìí wọ́pọ̀ nínú tòkunbọ̀. Kò wúwo, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n etí títì London tó tẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún. Táyà rẹ̀ kéré. Bó bá kan òkúta wẹ́wẹ́, iwájú rẹ̀ á dúró gbọ̀n-ọ́n, ọmọ á sì fì síwájú. Òkè ló yí Kàbbà ká, òjò ti gbẹ́ etí ọ̀pọ̀ títì wa, gọ́tà tí kò ní ìdérí kò sì wọ́n. Bí ẹ bá ń gbé inú ọgbà tó tẹ́jú, irú bíi ti College of Agriculture, tàbí tó jẹ́ inú ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí nìkan ni ẹ ó ti lò ó, ó tó. Bí ilé yín bá wà lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ tàbí lójú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa, táyà ńlá aláfẹ́fẹ́ ni kí ẹ wá, kó ní búrèkì gidi, kó sì ní okùn tí ẹ ó fi so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ yín bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀. Irú èyí wúwo, ó lè ju kílò 12 lọ, nítorí náà ẹ ronú nípa ẹni tí yóò máa gbé e gun àtẹ̀gùn.

Ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó, tí í ṣe nǹkan bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ nínú kẹ̀kẹ́. Bí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà kò bá tẹ́ pátápátá, ẹ gbé e pamọ́ títí ọmọ yóò fi dàgbà. Bí ọmọ bá sì sùn lọ níbi tó ti tẹ̀ kọrọdọ, ẹ gbé e sórí ibùsùn tó tẹ́jú, kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kó iṣu mẹ́ta tó tóbi sínú rẹ̀, ẹ tì í lórí ilẹ̀ níta, kì í ṣe lórí táìsì inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tẹ búrèkì lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹ jù ú sílẹ̀. Bó bá yọ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ má rà á. Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ oníbi márùn-ún: èjìká méjì, ẹ̀gbẹ́ méjì, àti èyí tó gba àárín itan kọjá. Ti àárín itan yìí ló sábà máa ń já lára tòkunbọ̀. Olùtajà á ní, "Kò sí wàhálà, Màdáámù, àwọn yòókù ṣì dára." Wàhálà wà níbẹ̀: ọmọ lè yọ́ wálẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ yóò fi há sára ìyókù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tọ oríkèé tí wọ́n fi ń ká a, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ní ìbòrí. Lọ́dún 2009, ilé iṣẹ́ Maclaren kìlọ̀ nípa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí oríkèé yìí ti gé orí ìka àwọn ọmọ, ẹni méjìlá nínú àwọn tí wọ́n fi tó wọn létí. Tòkunbọ̀ kì í sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí nígbà tí ẹ bá ń ṣí i tàbí tí ẹ ń ká a.

Báàgì ọjà kò gbọdọ̀ kọ́ sára ọwọ́ kẹ̀kẹ́, nítorí ó lè dojú dé sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ.

Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ mú okùn wọn fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé yín kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́ oníjókòó méjì. Èyí tí ọmọ ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kì í wọ ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn ilé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ìbejì ló rí i pé ó rọrùn jù kí Táíwò wà nínú kẹ̀kẹ́, kí Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn, kí wọ́n sì máa pààrọ̀.

Oòrùn àti eruku

Lọ́dún 2014, ìwé ìròyìn Svenska Dagbladet ní Sweden gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ kan sínú oòrùn. Inú rẹ̀ jẹ́ 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tí wọn kò bo nǹkan kan lé e. Wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Kó tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti di 34, lẹ́yìn wákàtí kan ó di 37. Sweden nìyẹn o, kì í ṣe Kàbbà nínú oṣù kẹta. Nítorí náà, ẹ má da ìró tàbí aṣọ ìnura bo ẹnu kẹ̀kẹ́. Ẹ wá ibòòji, tàbí kí ẹ di agboòrùn mọ́ ọn. Nítorí ẹ̀fọn ìrọ̀lẹ́, àwọ̀n ni kí ẹ fi bò ó, torí àwọ̀n ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Ọmọ inú kẹ̀kẹ́ sún mọ́ ilẹ̀, níbi tí èéfín ọkọ̀ àti eruku ti pọ̀ jù. Àwọn onímọ̀ ní University of Surrey rí i pé ohun ìdọ̀tí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fà símú lójú títì lè fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti òbí tó ń tì í lọ. Nígbà ọyẹ́, àti lójú ọ̀nà tí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì Obajana ń gbà, ẹ̀yìn ìyá ga ju eruku lọ. Ẹ pọn ọmọ yín níbẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí kẹ̀kẹ́ tó yege nínú gbogbo èyí, ẹ má fi owó yín ra èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ ra ọ̀já òwú méjì, ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún lílò, kí ẹ sì máa pọn ọmọ yín. Kò pàdánù nǹkan kan.