Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ǹjẹ́ Oògùn Irin, Síńkì àti Irú Wọn Léwu fún Wa Bí?



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá wa, tí ó sì fi ohun tí ara wa nílò sínú oúnjẹ. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹni tí ó bá ti Cele rìn dé Àgọ́ Palace Way yóò rí i pé ilé oògùn pọ̀ lọ́nà. Oògùn ẹ̀jẹ̀, síńkì, selenium àti oríṣiríṣi kápúsù tí wọ́n ní ó ń fún ni lókun wà lórí àtẹ wọn. Àwọn mìíràn ń polówó tiwọn nínú ọkọ̀, wọ́n á ní kò sí àrùn tí kò lè wò. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè pé, ṣé ó léwu ni? Ìdáhùn wa ni pé kò léwu fún ẹni tí ó nílò rẹ̀, tí ó pa ìwọ̀n mọ́, tí ó sì mọ ibi tí ó ti rà á. Ẹni tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀ fún, kí ó ṣọ́ra.

1. IṢẸ́ TÍ WỌ́N Ń ṢE
Inú ilẹ̀ ni irin, síńkì, áyódíìnì, bàbà àti selenium ti wá. Ewéko fà wọ́n, ẹran jẹ ewéko, àwa náà jẹ méjèèjì. Irin ni ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé atẹ́gùn tí a mí símú kiri ara. Síńkì ń ran ara lọ́wọ́ láti bá àrùn jà. Áyódíìnì ni kì í jẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn, òun ni ó sì ń jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ inú oyún dàgbà bí ó ti yẹ.

A kò gbọdọ̀ sọ pé asán ni wọ́n. Láti 1993 ni ìjọba Nàìjíríà ti mú kí wọ́n máa fi áyódíìnì sí iyọ̀ tí a ń jẹ. Ní 2004, àjọ WHO àti UNICEF ní kí á máa fún ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ní síńkì fún ọjọ́ 10 sí 14, pẹ̀lú omi ORS. Ànábì (S.A.W.) pàápàá gbà wá níyànjú pé kí á wá ìwòsàn, nítorí náà oògùn lílò kò ba ìgbáralé Ọlọ́hun jẹ́.

2. ÌWỌ̀N NI OHUN GBOGBO
Ọlọ́hun kọ àṣejù fún wa nínú jíjẹ àti mímu (Súrà 7, áyà 31), Ó sì kọ̀ kí á fi ọwọ́ ara wa fa ìparun (Súrà 2, áyà 195). Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní 2001 ni pé kí síńkì àgbàlagbà má kọjá 40 mílígíráàmù lóòjọ́, kí irin má sì kọjá 45, àfi bí dókítà bá pàṣẹ. Bẹ́ẹ̀, hóró síńkì kan wà tí ó tó 50. Ẹni tí ó bá ń lo àlòjù síńkì fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ kò ní lè gba bàbà mọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dín kù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè máa kú tipiri.

Ti irin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aláboyún nílò rẹ̀. WHO ní kí á fún un ní 30 sí 60 mílígíráàmù lóòjọ́, lábẹ́ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọládìde, tí wọ́n sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà, lè ti ní irin ní àníjù nínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a rà fún un nítorí àánú lè di ìpalára. Kí á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí á tó rà á. Ẹ sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó, nítorí àlòjù irin lè pa ọmọ.

3. IBI TÍ Ó TI WÁ
Ní 2008, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ta oògùn olómi kan tí selenium inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 200 ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò. Ènìyàn 201 ni ó ṣe ní ìjàm̀bá: irun wọn ń re, èékánná wọn bàjẹ́, ó sì rẹ̀ wọ́n gidigidi. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ni ká sọ nípa èyí tí kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é? Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti ìwọ̀n tí wọ́n kọ. Ọ̀dọ̀ apoògùn tí ó gba ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á.

Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe kápúsù rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, àwọn kan ti màlúù, àwọn kan ti ewéko. Níwọ̀n ìgbà tí ti ewéko bá wà, kí ni a fẹ́ fi iyèméjì ṣe?

4. NÍNÚ OṢÙ RAMADAN
Ọ̀pọ̀ ń kó gbogbo oògùn pọ̀ mì nígbà ìṣínu. Irin àti síńkì kì í jẹ́ kí ciprofloxacin tàbí tetracycline ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá lo ciprofloxacin ní aago méje alẹ́, kí ó fi irin di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, lẹ́yìn ìrun àṣàmù. Kí wákàtí mẹ́fà sì kọjá kí ó tó lo ciprofloxacin mìíràn nígbà sààrì. Bí àìsàn bá le, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

5. OÚNJẸ NI Ó ṢÁÁJÚ
Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja, edé, ẹyin àti ẹran tó fún ọ̀pọ̀ nínú wa tí ara rẹ̀ le. Ẹ jẹ ọsàn tẹ̀lé ẹ̀wà, kí irin inú rẹ̀ lè wọ ara. Ẹ má mu tíì lé e lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ó ń dí irin lọ́nà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀSÀLÁTÙ
(i) Oògùn wo ni ò ń lò báyìí, ta ni ó sì ní kí o lò ó?
(ii) Mílígíráàmù mélòó ni ó wà nínú hóró kan?
(iii) Kí ni ìdí tí oògùn ẹ̀jẹ̀ fi lè ṣe ẹnì kan lóore, kí ó sì pa ẹlòmíràn lára?

Ara wa, ohun àfisọ́dọ̀ ni láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Kí Ó fún wa ní àlàáfíà àti ìmọ̀ tí ó wúlò. Aamiin.