Níbo Ni Kí N Mú Àna Mi Lọ ní Ilé-Ifẹ̀?

Ìbéèrè: Ìlódè ni mo ń gbé. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Sydney ń mú ọkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, àti àwọn ọmọ wọn bọ̀ wá kí mi. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n máa lò. Mo ti rí gbọ̀ngàn etí omi wọn nínú fọ́nrán, àti afárá irin ràgàjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Kí la ní tí mo lè fi hàn wọ́n?
Ìyá kan, Ìlódè

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìmúra àlejò. Ẹ jẹ́ kọ́kàn yín balẹ̀. Ọdún 1973 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yẹn, wọ́n sì ṣí afárá náà ní 1932. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ ti lé ní 500 ọdún. Àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tí Ifẹ̀ ní ò ga sókè. Àlejò tí ò rẹ́ni là á yé e lè rìn kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé mùsíọ́ọ̀mù Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ ìtàn agbolé Wúnmọníjẹ̀ fún wọn: lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé náà ló bá àwọn orí idẹ pàdé nínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Kó tún sọ bí wọ́n ṣe ń dà wọ́n. Wọ́n á fi ìda mọ ojú, imú àti ètè, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yáná sí i títí ìda á fi yọ́ jáde, wọ́n á wá da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, kò gbà pé aláwọ̀ dúdú ló ṣe é. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ-ọmọ yín gbọ́ èyí létí ara wọn.

Tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, Ìta Yemòó ló kàn. Lọ́dún 1957, wọ́n hú ère idẹ ọba àti olorì jáde níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ apá àti ẹsẹ̀ mọ́ra wọn. Ní ti ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ níbẹ̀, ẹ ní káwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa. Wọn ò tẹ́ àpáàdì náà pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi rì í mọ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà kan dagun sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e dagun sósì. Àwọn àgbà ní Lúwòó, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ló pàṣẹ rẹ̀.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ò gba àkókò púpọ̀: òkúta kan ṣoṣo tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, tí wọ́n gbá ìṣó irin sí lára. Ẹ yà síbi ère Mọrèmi náà, tí wọ́n ṣí ní 2016. Tuntun ni, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ ìtàn obìnrin náà àti Olúorogbo ọmọ rẹ̀ fún wọn. Ẹnu ìyá àgbà ló ti máa ń wọ ọmọdé lára.

Láàfin, kí àna yín ṣí fìlà, kó sì gbàṣẹ kó tó ya fọ́tò. Bákan náà ni ní ojúbọ èyíkéyìí.

Ẹ fi ọjọ́ kẹta sílẹ̀ fún Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì, ló ya ọgbà náà. Ẹ wo àwọn ilé tó ń fẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń ga: àjà òkè ló ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, tí oòrùn àti òjò ò fi rọ́nà wọlé tààrà.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí ni pé ọjọ́ mẹ́ta ti kéré. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni ọdún Ọlọ́jọ́ sábà máa ń bọ́ sí, nígbà tí Ọọ̀ni máa ń dé Adé Aàrẹ lọ sí Òkè Mògún. Tí ọmọ yín ò bá tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ pè é lálẹ́ òní.