Kí Lẹ Jẹ Lánàá?

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi ìyá ọlọ́jà kan ní Ìperu pé, "Ìyá, kí lẹ jẹ lánàá?", wọ́n lè dárúkọ ẹ̀kọ àárọ̀ àti ìkọ́kọrẹ́ alẹ́, kí wọ́n sì dákẹ́. Ẹ̀pà tí wọ́n fi panu nídìí ọjà ńkọ́? Lédè wa, ìpápánu kì í ṣe oúnjẹ; ẹni tó jẹ gúgúrú lọ́sàn-án ṣì lè sọ pé òun ò tíì jẹun. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ti máa ń dín.

FAO máa ń ṣírò oúnjẹ tó wà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì pín in fún iye ènìyàn. Kò sọ ohun tó dé ọ̀fun. Nínú ìwádìí tí IITA, Ìbàdàn, ṣe ní Nàìjíríà láàárín 2001 sí 2003, ohun tí àwọn ìyá àti ọmọ jẹ ní wákàtí 24 ni wọ́n béèrè.

Ẹ jẹ́ kí ẹni náà kọ́kọ́ ka tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ìpápánu, èso àti ohun mímu, kí ẹ tó kan ìwọ̀n.

Ìkọ́kọrẹ́ ló le jù. Ẹni tó sè é ló mọ iye ewùrà, epo àti ẹja tó lò. Bí ọmọ mẹ́ta bá sì jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan, ta ló jẹ ẹja? Lójú tèmi, àfi ká jókòó ti aláṣè, ká bu ti oníkálùkù sọ́tọ̀, ká wọ̀n ọ́n, ká tún wọn èyí tó ṣẹ́kù.